Òkè Tábìlì ní Cape Town: Ẹni tí yóò gùn ún, kí ó kọ́kọ́ bi afẹ́fẹ́ léèrè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú Cape Town, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, òkè tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níwájú mi kedere bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi wẹ̀ ẹ́. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, ìkùukùu kankan kò sí níbẹ̀, ewé igi kò sì mì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. A kò tíì délé tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Àbúrò, jẹ́ ká ju ẹrù rẹ sílé, ká máa lọ sórí òkè yìí lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ṣé òkè náà máa sá lọ ni? Ọjọ́ márùn-ún ni mo máa lò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òkè ò ní sá lọ. Ṣùgbọ́n kò bá ẹ ṣe àdéhùn pé òun máa gbà ẹ́ lálejò lọ́la."

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, afẹ́fẹ́ ti dé. Ìkùukùu funfun ti bo orí òkè, ó ń ṣàn wálẹ̀ létí rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì tí ó sì gùn ju tábìlì náà lọ. Ọkọ̀ okùn irin tí ń gbé ènìyàn gòkè kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà bọ̀, bí ọkọ̀ òfurufú wa ṣe gbéra, mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí i: òkè ti tún mọ́ gaara, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí ń lọ sí Cape Town fún ìsinmi ọdún, fún ìgbéyàwó tàbí fún ìpàdé ni ó ń ṣe irú ohun tí mo ṣe yẹn. Wọn á ṣètò físà, wọn á ṣètò hòtẹ́ẹ̀lì, wọn á kọ orúkọ ilé ìtajà tí wọ́n fẹ́ dé sínú ìwé, wọn á wá fi òkè sí ọjọ́ tí gbogbo nǹkan yòókù bá parí. Àwọn míràn tún wà tí tiwọn burú ju tèmi lọ: àwọn tí ó gun òkè náà lọ́jọ́ tí kò yẹ, pẹ̀lú bàtà tí kò yẹ, tí ó jẹ́ pé hẹlikópítà ló lọ gbé wọn wálẹ̀.

Table Mountain, Òkè Tábìlì bí a bá fẹ́ pè é ní èdè wa, ni olórí ọgbà igbó àti òkè kan tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní Table Mountain National Park. Ọdún 1998 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, nígbà tí Nelson Mandela ṣì jẹ́ ààrẹ. Orúkọ míràn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, ọdún 2004 ni wọ́n yí i padà sí èyí tí ó ń jẹ́ báyìí. Láti Signal Hill, tí ó wà lórí àárín ìlú gan-an, ni ọgbà náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ títí dé Cape Point, níbi tí ilẹ̀ ti parí sínú òkun, ìrìn bí 60 kìlómítà láti àárín ìlú. Láàárín ibi méjèèjì, ilé àwọn ènìyàn, oko àjàrà, ilé-ẹ̀kọ́ àti ọjà ló há mọ́ ọn. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní ògiri, kò sì ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó. Ènìyàn lè dìde nídìí oúnjẹ ọ̀sán ní ìgboro, kó rìn díẹ̀, kó sì ti wà nínú ọgbà láìmọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń lọ sí ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé nílé wa níbí mọ̀ pé igbó ni òun ń lọ. Á múra, á gbé omi, á wá ẹni tí ó mọ̀nà. Ṣùgbọ́n òkè tí ènìyàn ń rí láti ojú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì, tí iná ìlú ń tàn sí nídìí, kò jọ ibi tí ènìyàn ti lè sọnù. Ẹni tí ó ti gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tàbí tí ó ti gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ní Ìdànrè, lè sọ pé òkè kò ṣe àjèjì sí òun. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibi tí ó ga jù lórí Òkè Tábìlì jẹ́ 1,085 mítà láti ojú òkun, òkun náà kò sì jìnnà sí ìdí rẹ̀. Olúmọ kì í sì í yí ojú ọjọ́ padà mọ́ ènìyàn lórí láàárín wákàtí kan.

Àwọn Khoi, tí wọ́n ń da màlúù àti àgùntàn níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ní orúkọ kan fún un, Hoerikwaggo, èyí tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí òkè inú òkun. Ní ọdún 1503, António de Saldanha, ọmọ ilẹ̀ Potogí, gun orí rẹ̀ kí ó lè mọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ já sí, òun ló sì fi tábìlì pè é. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó gba ojú òkun yẹn kọjá tí kò fi òkè yìí ṣe àmì. Ní erékùṣù Robben, níbi tí Mandela ti lo 18 nínú ọdún 27 tí ó fi ṣẹ̀wọ̀n, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń rí i ní òdìkejì omi. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá ìlú ni àdúgbò District Six wà, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kéde ní ọdún 1966 pé ó ti di ti aláwọ̀ funfun nìkan. Àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ ju 60,000 lọ, wọ́n sì kó wọn dà sí ilẹ̀ oníyanrìn Cape Flats, jìnnà sí òkè. Ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, tí wọ́n ń wo òkè kan náà láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tí àlejò tí ó dé lánàá ń sùn sí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, nítorí òun ni ọ̀gá. Láti bí oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà-oòrùn. Orí òkun ló ti ń bọ̀, omi sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá forí sọ ẹ̀yìn òkè, kò ní ibi tí yóò gbà ju òkè lọ. Bí ó ti ń gòkè ló ń tutù, omi inú rẹ̀ á di ìkùukùu, gẹ́gẹ́ bí èémí ẹnu wa ṣe ń hàn lára dígí tí ó tutù. Ìkùukùu yìí á tẹ́ sórí òkè, á ṣàn kọjá létí rẹ̀ lápá ìlú, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ló ń móoru, á sì pòórá kó tó dé orí ilé àwọn ènìyàn. Aṣọ tábìlì ni wọ́n ń pè é ní Cape Town. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà níbẹ̀ pé ajalèlókun kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Van Hunks, ló ń bá Èṣù àwọn onígbàgbọ́ du ẹni tí yóò fa tábà ju ẹnì kejì lọ, pé èéfín wọn ni à ń rí. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀, dókítà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó máa ń gbá èéfín àti ìdọ̀tí kúrò lórí ìlú. Dókítà tí ń wo ìlú sàn yìí ló máa ń ti ìlẹ̀kùn òkè mọ́ àlejò.

Ohun tí àlejò kì í sì í mọ̀ ni pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá wà ní ìhòòhò ìdajì létí òkun nísàlẹ̀, tí oòrùn ń ràn, ẹni tí ó wà lókè lè má rí ẹsẹ̀ mẹ́wàá níwájú ara rẹ̀, kí òtútù sì máa mú un dé egungun. Ìlú kan náà, ọjọ́ kan náà.

Nítorí náà, ìgbà wo ló yẹ kí ènìyàn lọ? Ẹ rántí pé ìgbà tí òtútù ń mú ní London ni oòrùn ń mú níbẹ̀, ìgbà tí oòrùn ń mú ní London ni òtútù ń mú níbẹ̀. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ọjọ́ máa ń gùn, tí oòrùn ń mú, tí èrò ń pọ̀ bí eṣú, tí afẹ́fẹ́ sì ń jà. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni òjò àti òtútù tiwọn. Láàárín oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ pẹ̀lú ni àwọn tí ń wa ọkọ̀ okùn irin máa ń ti ibẹ̀ pa fún ọjọ́ mélòó kan lọ́dọọdún láti tún un ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ lásìkò yẹn, kí ó wo ọjọ́ tí wọ́n kéde kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin ni n óò mú. Afẹ́fẹ́ ti ń rọlẹ̀ nígbà náà, oòrùn kò tíì lọ.

Ìgbà yòówù kí ẹ lọ, ohun kan wà tí mo fi owó kọ́: ẹ má yan ọjọ́ fún òkè. Ẹ fi gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò sílẹ̀ fún un. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí tí ẹ rí orí rẹ̀ kedere, ẹ fagi lé ohun gbogbo, kí ẹ máa lọ. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ okùn irin máa ń kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àràárọ̀ bóyá àwọn ń ṣiṣẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, àti bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó lókè. Ẹ wò ó kí ẹ tó wọ takisí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kò gbọdọ̀ gùn. Ọmọ Nàìjíríà nílò físà, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé tí ó fi hàn pé ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ọmọ Nàìjíríà 125 ni wọ́n dá padà láti pápákọ̀ òfurufú Johannesburg nítorí káàdì yìí. Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà padà, kí ìjọba tiwọn tó tọrọ àforíjì. Àforíjì dára, àmọ́ kò sí ẹni tí ó dá owó ìsinmi padà fún ẹni tí ó sùn sórí àga ní pápákọ̀.

Bí òkè bá kọ̀, kí ni kí ènìyàn ṣe? Ọgbà náà tóbi ju orí òkè lọ, ọjọ́ afẹ́fẹ́ kò sì ní kí ẹ jókòó sínú yàrá bí èmi ti ṣe. Ẹ lè lọ sí Kirstenbosch, ọgbà òdòdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913 ní ẹ̀yìn òkè. Ẹ lè lọ sí Boulders, lẹ́bàá Simon's Town, níbi tí ẹyẹ penguin ti ń rìn gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ lórí yanrìn bí ọmọ tí ó wọ kóòtù bàbá rẹ̀. Penguin díẹ̀ ló kọ́kọ́ wá pa ẹyin síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì di púpọ̀. Ṣùgbọ́n jákèjádò etíkun Áfíríkà ìsàlẹ̀, iye wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, tó fi jẹ́ pé ní ọdún 2024 wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó ti fẹ́ parun pátápátá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n han ọmọ rẹ̀, kí ó má fi í di ọdún mẹ́wàá sí i.

Cape Point ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Ilé iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tan ní 1860 láti máa fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gbé e sórí ibi tí ó ga jù, kí gbogbo ayé lè rí i. Àṣé ìkùukùu ni yóò máa bò ó. Àwọn tí ó nílò iná náà jù, ìyẹn àwọn tí ó wà nínú kùrukùru, ni kì í rí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1911, ọkọ̀ àwọn ará Potogí kan, Lusitania, kọlu àpáta níbẹ̀ ó sì rì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ ilé iná tuntun sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà ní Cape Point, ní Boulders àti ní Kirstenbosch, iye tí àlejò ilẹ̀ òkèèrè ń san sì ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀bọ ńláńlá Cape Point o. Wọ́n mọ ìlẹ̀kùn mọ́tò ṣí, wọn kì í sì í tọrọ oúnjẹ.

Ọ̀nà méjì ló lọ sókè: ọkọ̀ okùn irin àti ẹsẹ̀. Ọkọ̀ okùn ti wà láti ọdún 1929. Àwọn èyí tí wọ́n ń lò nísinsìnyí dé ní 1997, ènìyàn 65 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì ń yípo bí ó ti ń gòkè, kò sí pé à ń jà du ojú fèrèsé. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ ti dókè. Bàbá àgbà, ìyá olómọ, ẹni tí orúnkún ń dùn, gbogbo wọn ló lè wọ̀ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sán kò wọ́n tó ti àárọ̀. Ènìyàn sì lè ra ti àlọ nìkan tàbí ti àbọ̀ nìkan, kó fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀, wọn á fọn fèrè ńlá kan lókè pé kí gbogbo ènìyàn máa padà bọ̀ ní ibùdókọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè yẹn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò kan sí i.

Fún ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀nà Platteklip ni ti àlejò. Ojú títì Tafelberg ló ti bẹ̀rẹ̀, bí kìlómítà kan ààbọ̀ kọjá ibùdókọ̀ okùn irin. Òkúta pẹrẹsẹ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, odò tí ń ṣàn níbẹ̀ sì ni àwọn ẹrú ti máa ń fọ aṣọ àwọn ọ̀gá wọn láyé ìgbà náà. Àtẹ̀gùn òkúta ni láti ìsàlẹ̀ dókè, wákàtí méjì sí mẹ́ta fún ẹni tí kì í ṣe eléré ìdárayá. Kò sòro láti mọ̀, ó kàn le ni. Bí oòrùn bá ti gòkè, òjìji kò sí. Ọ̀nà Skeleton Gorge, tí ó gba inú Kirstenbosch, ní òjìji àti omi, ṣùgbọ́n àkàbà onígi wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní India Venster, orúkọ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun àpáta níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ìgbà kejì tí mo lọ sí Cape Town, oṣù Kẹta ni. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni fóònù mi dún. "Àbúrò, jáde síta kó o wò ó." Mo jáde. Ó mọ́. Kí aago méje tó lù, a ti wà lórí Platteklip. Ẹ̀gbọ́n mi ti ju ẹni 60 ọdún lọ, ọ̀pá kan ló mú dání, omi lítà méjì wà nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí èmi náà gbé méjì. Ó ní kí n mú ṣúwẹ́tà àti aṣọ òjò, mo ní oòrùn ń ràn, ó ní kí n mú un. Nígbà tí a fi rin ìdajì, mo ti ń mí bí ajá ọdẹ. Ó dúró, ó ń wò mí, ó ní, "Ọmọ ìsinsìnyí."

Òkè tí ó dà bí tábìlì láti ìsàlẹ̀, nígbà tí a dé orí rẹ̀, kò tẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkúta ni, àti kòtò, àti igbó kúkúrú kan tí kò ga ju orúnkún lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Fynbos ni wọ́n ń pè é. Oríṣi ewéko tí ó wà ní apá ilẹ̀ kékeré yẹn ju 2,200 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì sí níbòmíràn láyé. Iná ló ń mú irúgbìn wọn hù, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún púpọ̀. Ṣùgbọ́n iná tí ọwọ́ ènìyàn ń dá lemọ́lemọ́ ń pa wọ́n, ó sì ń pa ìlú lára. Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, iná bẹ́ sílẹ̀ lára òkè yìí, afẹ́fẹ́ gbé e dé Yunifásítì Cape Town, ó sì jó ibi ìkàwé Jagger, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àti fíìmù nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ń mu sìgá, kí ó fi í sílé.

A rí ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dassie, tí ó ń yáàrùn lórí àpáta. Mọ̀lẹ́bí òfàfà tí ń ké lóru nínú igbó wa ni. Àwọn onímọ̀ tún sọ pé mọ̀lẹ́bí erin ni, ẹ wò ó kí ẹ tó gbàgbọ́. Lẹ́yìn náà, a rìn bí wákàtí kan dé Maclear's Beacon, ibi tí ó ga jù, tí ó jẹ́ òkìtì òkúta tí awòràwọ̀ Thomas Maclear ní kí wọ́n kó jọ ní 1844 nígbà tí ó ń wọn bí ayé ṣe rí. Erékùṣù Robben wà lọ́wọ́ kan, òkun wà lọ́wọ́ kejì. Mo gbàgbé ẹsẹ̀ tí ń dùn mí.

Bí a ti ń padà ni ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó wo ẹ̀yìn. Funfun kan ti ń lá etí òkè lápá gúúsù. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, mo ti wọ ṣúwẹ́tà tí mo ní oòrùn kò ní jẹ́ kí n lò. A ti pinnu láti wọ ọkọ̀ okùn sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀ afẹ́fẹ́ ti dá a dúró. Ẹsẹ̀ tí ó gbé wa gòkè náà ló máa gbé wa wálẹ̀. Gbígùn dùn ju sísọ̀ lọ. Orúnkún mi ń gbọ̀n lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan.

Ní àárín Platteklip la ti pàdé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ń gòkè bọ̀. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìgò omi kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sì kún mọ́. Èdè wa ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí a kí wọn, inú wọn dùn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí òkúta.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, ẹ̀yin ọmọ?"

"Òkè ni, Bàbá. A máa bá ọkọ̀ padà."

"Ọkọ̀ ti dúró."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọ̀la la ń padà sílé."

Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn jiyàn. Ó kàn jókòó sí àárín ọ̀nà gan-an, lórí àtẹ̀gùn, ó tú báàgì rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá mu omi. Nígbà tí àgbàlagbà bá ní kí ẹ jókòó, ẹ ò lè fò ó kọjá. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Ó bi wọ́n léèrè orúkọ bàbá wọn, ó bi wọ́n ní ìlú wọn, ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Títí ó fi bi wọ́n tán, ìkùukùu ti bo ibi tí wọ́n fẹ́ẹ́ lọ, kò sí òkè mọ́, funfun nìkan ni. Wọ́n bá wa sọ̀kalẹ̀. Èyí tí ó kéré nínú wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé títì.

Nísàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá sọ ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ fún wọn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ènìyàn má dá nìkan lọ. Ẹni mẹ́rin ló dára, nítorí bí ọ̀kan bá fara pa, ọ̀kan á dúró tì í, méjì á lọ pe ènìyàn. Àwọn olè wà ní àwọn ọ̀nà kan pẹ̀lú, pàápàá níbi tí èrò kò pọ̀ sí, wọn kì í sì í fẹ́ràn láti dojú kọ ẹni mẹ́rin. Kí fóònù wà nínú àpò, kó má wà lọ́wọ́. Kí ẹnì kan nísàlẹ̀ mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ ń retí láti padà. Bí ìkùukùu bá bò yín tí ẹ kò sì mọ̀nà mọ́, ẹ dúró lójú kan, ẹ wọ gbogbo aṣọ tí ẹ ní, ẹ má wá ọ̀nà àbùjá. Àwọn tí ń wá ènìyàn lórí òkè níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ wá ṣe é láìgba owó, wọ́n sì máa ń tètè rí ẹni tí ó dúró ju ẹni tí ń rìn káàkiri lọ.

021 937 0300 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi í sínú fóònù wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tún gba báírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sórí bébà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní bátìrì fóònù máa ń kú nínú òtútù.